Olú wẹ́wẹ́ lórí ìtì arère nínú oko kòkó: ká sun ún ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

Àgbẹ̀Ìdànrè

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti fẹ́ di awuyewuye láàárín èmi àtàwọn tá a jọ ń dáko, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Oko kòkó bàbá mi ni mò ń bójú tó báyìí ní apá Ìdànrè. Arère ńlá kan wà láàárín oko náà tí ìjì wó lulẹ̀ ní èṣí. A ò rówó pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ la igi, la bá fi í sílẹ̀ síbi tó ṣubú sí. Ní báyìí tójò ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, olú wẹ́wẹ́ ti bo ìtì náà láti ìdí dé ṣóńṣó. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń pàtẹ lẹ́bàá títì o. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo wò ó fínnífínní.

Lápá òkè tóòrùn máa ń bà, olú funfun tó fẹ́ jọ eérú pọ̀ níbẹ̀ yanturu. Ó pẹlẹbẹ, ó hùrun lára, kò ní ẹsẹ̀, ṣe ló lẹ̀ mọ́ èèpo igi. Béèyàn bá yí i padà, ìlà ìlà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lára àwọn ẹ̀ka tó ya, ife kéékèèké aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni, irun yí etí wọn ká, omi òjò ṣì wà nínú wọn. Nítòsí ìdí igi, nǹkan dúdú líle kan yọ ṣóńṣó sókè, lẹ́búlẹ́bú funfun wà lórí rẹ̀. Lábẹ́ èèpo tó ti ń ṣí, olú kan tún wà tí orí rẹ̀ kò fẹ̀ tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, tí kò sì nípọn ju fọ́nrán irun lọ.

Àwọn àgbà tí oko wọn bá tèmi pààlà ní kí n da kẹrosíìnì sí i kí n sun ún kíá, pé àrùn ni, yóò ran kòkó. Èmi ò fẹ́ dáná sáàárín kòkó tó ń so. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ÌyáÒǹdó

O kú iṣẹ́ oko, ọmọ mi. Èyí tó o kọ́kọ́ sọ yẹn, ẹsẹ̀ adìẹ là ń pè é. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, ìyá wa a máa ṣa á lára igi tó bá wó lóko, pàápàá tí ẹran bá wọ́n. Ó yi, kì í rọ̀ bọ̀rọ̀. A ó gé e wẹ́wẹ́, a ó sè é títí, ká tó dà á sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Adùn rẹ̀ máa ń wọnú omi ọbẹ̀ ju bó ṣe wà lẹ́nu lọ. Ní tèmi o, ọbẹ̀ yẹn kì í ṣe ọbẹ̀ ìyà rárá.

Àwọn yòókù tó o tò sílẹ̀ yẹn, mi ò jẹ ẹ́ rí, mi ò sì mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Má fọwọ́ kàn án pé o fẹ́ sè é.

Akẹ́kọ̀ọ́Ewéko

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Màmá, ẹ ṣeun. Orí olú ni mo ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi lé ní fásitì, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè díẹ̀.

Màmá ti yanjú ti àkọ́kọ́. Schizophyllum commune lorúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ẹsẹ̀ adìẹ, kò sì sí kọ́ńtínẹ́ǹtì tí kì í hù sí àfi Antarctica tó jẹ́ kìkì yìnyín. Ní ìpínlẹ̀ Manipur ní Íńdíà, oúnjẹ gidi ni, kanglayen ni wọ́n ń pè é. Ní Japan, wọ́n yọ èròjà kan lára rẹ̀ tí àwọn dókítà ti lò pọ̀ mọ́ ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ife pupa yẹn jọ Cookeina, ilẹ̀ olóoru ni ilé rẹ̀. Dúdú líle yẹn, ẹbí Xylaria ni. Ẹlẹ́sẹ̀ irun yẹn, Marasmius ni mo fura sí, àmọ́ àpèjúwe nìkan ò tó ká fi búra.

Ohun tẹ́ ẹ rí lórí igi yẹn, ẹ̀gbọ́n, èso ni. Ara olú gan-an wà nínú igi. Ẹ fi àdá ṣí ibi tó ti rọ̀, ẹ ó rí fọ́nrán funfun tín-ín-rín tó ta káàkiri inú rẹ̀. Òun ló ń jẹun, òun ló sì wà níbẹ̀ látìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tẹ́ ẹ rò pé kò sí nǹkan kan lára igi náà.

Ohun tó ń jẹ ló gbàfiyèsí. Sẹ́lúlóòsì àti lígínì ló pọ̀ jù nínú igi. Lígínì ló ń mú kí igi le, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹ̀dá tó lè rí i jẹ. Ewúrẹ́ ò lè dà á, màlúù ò lè dà á. Àwọn irú olú kan ló ní omi inú tó lè tú u palẹ̀ pátápátá. Níbi tí wọ́n bá ti ń jẹ lígínì, igi á funfun, á máa ya ní fọ́nrán fọ́nrán. Àwọn irú mìíràn wà tó jẹ́ sẹ́lúlóòsì ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á fi lígínì sílẹ̀, igi á wá pọ́n ṣókí, á sán ní onígun mẹ́rin mẹ́rin, á máa rún mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ lè rí méjèèjì lára igi inú oko kan ṣoṣo.

Ikán tó ń mọ ọ̀gán pàápàá, olú ló gbójú lé. Ó ń gbìn ín sínú ilé rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, kó lè bá a sọ igi di jíjẹ. Olú ọ̀gán tá a ń jẹ, inú oko ikán ló ti ń wá. Tí ikán bá kọ ilé náà sílẹ̀, ìbátan olú dúdú líle tẹ́ ẹ rí yẹn ló sábà máa ń gba ibẹ̀. Ọ̀mọ̀wé B. A. Oso ti Fásitì Ìbàdàn kọ̀wé lórí olú láàárín àwa Yorùbá lọ́dún 1975, ó sì máa ń dùn mí pé àwọn tó tẹ̀ lé e sójú ọ̀nà yẹn kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ.

Ní ti sísun: potásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù tí arère yẹn fi gbogbo ayé rẹ̀ fà látinú ilẹ̀, olú ló ń dá a padà díẹ̀díẹ̀ sídìí kòkó yín. Tẹ́ ẹ bá sun ún, náítírójìn rẹ̀ á bá èéfín lọ, òjò á sì gbá púpọ̀ nínú eérú rẹ̀ lọ. Ẹ fi í sílẹ̀.

BàbáIléOlújí

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ fásitì dára, mo gbọ́ ọ. Àmọ́ àwọn àgbà tó ní kó o sun ún kò ṣèèṣì sọ ọ́, ojú wọn ti rí nǹkan.

Mo ti rí oko tí kòkó ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìdí kùkùté kan. Èyí tó sún mọ́ kùkùté ló kọ́kọ́ lọ, ewé rẹ̀ pọ́n, ó wọ́, ó gbẹ. Nígbà tó di ọdún kejì, èyí tó tẹ̀ lé e náà lọ. Nígbà tá a hú gbòǹgbò rẹ̀, okùn funfun ló lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe olú?

Òmíràn sì wà tí kò bá ti ilẹ̀ wá. Fọ́nrán funfun tàbí dúdú á máa rìn lára ẹ̀ka kòkó lókè, á bọ́ sára ewé. Ewé náà á kú, àmọ́ kò ní já bọ́, á máa rọ̀ dirodiro lórí fọ́nrán yẹn. Ẹlẹ́sẹ̀ irun tó o ní o rí lábẹ́ èèpo igi ló mú kí ọkàn mi má balẹ̀. Ẹni tó bá ní kó o fi í sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn èyí.

Akẹ́kọ̀ọ́Ewéko

Bàbá, ẹ seun, ìbéèrè tó yẹ nìyẹn, òdodo lẹ sì sọ.

Èyí tó ń ti ìdí kùkùté wá, Rigidoporus ló sábà máa ń jẹ́, òun náà ló ń yọ àwọn olóko rọ́bà lẹ́nu ní Ẹdó àti Dẹ́lítà. Armillaria náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò tútù ni wọ́n ń jẹ, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà láti gbòǹgbò dé gbòǹgbò. Igi tó ti ní in lára kó tó wó, kùkùté rẹ̀ léwu, híhú ló yẹ ká hú u. Ṣùgbọ́n ìjì ló wó arère ẹ̀gbọ́n. Àwọn olú mẹ́rin tí wọ́n tò sílẹ̀ sì wà lára igi tó ti kú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà padà lọ wo ìdí kùkùté náà. Tẹ́ ẹ bá rí olú pẹrẹsẹ tó le, tó tò léra wọn, tí òkè rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n, tàbí tí ewé kòkó tó yí i ká bá ti ń wọ́, ọ̀rọ̀ Bàbá ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ní ti èyí tó ń rìn lókè, Marasmius crinis-equi àti Marasmiellus scandens ló ń ṣe é, ìbátan ẹlẹ́sẹ̀ irun ni lóòótọ́. Irú Marasmius pọ̀ jáǹtìrẹrẹ, ewé àti igi tó ti kú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí i ni kẹ́ ẹ fi dá a mọ̀: tó bá wà lábẹ́ èèpo ìtì, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá rí fọ́nrán lára ẹ̀ka kòkó tútù, ẹ gé ẹ̀ka náà kẹ́ ẹ sun ún.

Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru olú igi, Phytophthora ló ń fà á, kì í tilẹ̀ ṣe olú. Èso tó ti rà tá a fi sílẹ̀ lórí igi ló ń tàn án kálẹ̀, kò bá ìtì arère tan.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo olóko kòkó mọ̀. Oyin kọ́ ló ń bá òdòdó kòkó ṣiṣẹ́ tó fi ń so. Kòkòrò tíntìntín kan tó ń jẹ́ Forcipomyia ni, kì í gùn ju mìlímítà 3 lọ. Inú ohun tó ń rà, tó sì tutù, ló ń yé sí: èèpo èso kòkó, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tá a gé, ewé tó kó jọ, igi tó ti rọ̀. Òdòdó kòkó kì í pé ọjọ́ méjì kó tó rẹ̀ dànù tí kòkòrò yìí ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oko tá a bá gbá mọ́ tónítóní, tá a sun gbogbo ohun tó ń rà nínú rẹ̀, a ti lé kòkòrò yẹn nílé nìyẹn.

BàbáIléOlújí

Ti kòkòrò yẹn yé mi. A máa ń ṣàkíyèsí pé kòkó tó wà nítòsí ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń so dáadáa. Mo gbà pẹ̀lú rẹ lórí ìtì, àmọ́ ti kùkùté, mi ò tíì kúrò níbi tí mo wà.

Gbẹ́nàgbẹ́nàBódìjà

Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un, torí ọ̀tá wa làwọn olú yìí jẹ́ ní ìsọ̀ pákó. Nínú gbogbo igi tá à ń tà, arère wà lára èyí tó tètè ń bàjẹ́ jù. Tí wọ́n bá gé e, tí wọn ò tètè là á kí wọ́n sá a, kò ní pẹ́ tí nǹkan aláwọ̀ aró á fi wọ inú rẹ̀, á tàn láti etí lọ sáàárín. Olú wẹ́wẹ́ tójú ò rí ni. Kì í sábà gba agbára pákó, àmọ́ ó ń ba owó rẹ̀ jẹ́, torí oníbàárà á ní ó ti rà.

Ìrókò ò rí bẹ́ẹ̀. Òjò á pa á, oòrùn á pa á, inú rẹ̀ á ṣì le. Àmọ́ funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ èèpo, olú ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ra ìrókò tí funfun rẹ̀ pọ̀ kò ra ìrókò tó pé.

Fún ẹni tó bá ń kọ́lé: omi lolú ń wá. Igi tí omi inú rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, olú ò ní lè jẹ ẹ́. Ẹ sá pákó yín dáadáa, ẹ tún páànù tó ń jò ṣe, ẹ ò ní nílò oògùn rẹpẹtẹ.

ÀdìóLọ́ńdọ̀nù

Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ látàná. Epping Forest, igbó ńlá kan lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, kò jìnnà síbi tí mò ń gbé, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń lọ rìn níbẹ̀ nígbà òjò oṣù October. Tinútinú ni wọ́n ń fi ìtì igi sílẹ̀ kó máa rà síbẹ̀, wọ́n sì ti fòfin de ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣa olú inú igbó náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ wọn ni, afi ìgbà tí mo ka pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Olú kan wà lórí igi oaku wọn tí mo fẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà wa gbọ́ nípa rẹ̀. Chlorociboria lorúkọ rẹ̀. Ife wínníwínní aláwọ̀ ewé òun aró ni, mìlímítà díẹ̀ ló fẹ̀, ó sì ṣòro láti rí i. Ohun téèyàn tètè ń rí ni igi tó ti pa láró: bó o bá ṣẹ́ ẹ̀ka tó ti wà nílẹ̀, inú rẹ̀ á jẹ́ àwọ̀ ewé pátápátá. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú Tunbridge Wells ní Kent ń wá irú igi yẹn kiri láyé àtijọ́, wọ́n ń gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sára àpótí wọn láìfi ọ̀dà kankan kùn ún. Àwọn ará Ítálì ti lò ó ṣáájú wọn ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Àwọ̀ náà kì í tètè ṣí.

Gbẹ́nàgbẹ́nàBódìjà

Ẹ̀gbọ́n Àdìó, ẹ ṣeun gan-an. Èyí tó bà jẹ́ lójú oníbàárà mi lẹnìkan ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Màá máa ya pákó aláró sọ́tọ̀ láti òní lọ.

Àgbẹ̀Ìdànrè

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Mo ti padà lọ. Mo fi àdá ṣí igi náà, fọ́nrán funfun yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, igi náà sì ń ya fọ́nrán fọ́nrán. Kò sí olú pẹrẹsẹ nídìí kùkùté, ewé kòkó tó yí i ká sì tutù yọ̀yọ̀.

Mo rí nǹkan méjì mìíràn. Lára àwọn igi wẹ́wẹ́ tó wà nílẹ̀, ife aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà tí kò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, ohun tó dà bí ẹyin pẹlẹbẹ eérú sì wà nínú rẹ̀. Èkejì, nǹkan pupa ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀yà ìyeyè tó ń yọ̀ wà lórí èèpo igi lọ́jọ́ kan. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kò sí níbẹ̀ mọ́, apá kejì igi ni mo ti rí i. Ta ló gbé e?

Akẹ́kọ̀ọ́Ewéko

Ẹ kú orí ire, ẹ̀gbọ́n! Cyathus ni ife ẹlẹ́yin yẹn. Àwọn ẹyin náà ni irúgbìn rẹ̀ wà nínú. Ife náà ṣe gẹ́ẹ́ fún ẹ̀kán òjò: tí ẹ̀kán kan bá bọ́ sínú rẹ̀, á ta ẹyin jáde, ó sì lè fò tó nǹkan bíi mítà kan. Okùn kan wà nídìí ẹyin kọ̀ọ̀kan, ìdí okùn náà ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Bí ẹyin bá ṣe ń fò lọ, okùn á kọ́ ewé tàbí igi, á wé mọ́ ọn, ẹyin á dúró síbẹ̀. Ẹ kán omi sínú rẹ̀ ní ẹ̀kán ẹ̀kán látòkè, ẹ ó fojú ara yín rí i.

Ẹni kankan ò gbé ìkejì, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ni. Kì í ṣe olú, ìdílé tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ó ń rìn lórí igi jíjẹrà, ó ń jẹ àwọn kòkòrò tójú ò rí. Physarum wà lára ẹbí rẹ̀. Lọ́dún 2010, àwọn olùwádìí Japan to oúnjẹ sílẹ̀ bí àwọn ìlú tó yí Tokyo ká ṣe tò, wọ́n fi Physarum sáàárín, ọ̀nà tó là láti ìlú dé ìlú sì fẹ́ bá ti ọkọ̀ ojú irin wọn dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní ọpọlọ.

Ẹ tún dán ti ẹsẹ̀ adìẹ wò. Ẹ mú èyí tó ti gbẹ wíníwíní, ẹ yí i padà. Ẹ ó rí i pé ìlà kọ̀ọ̀kan là sí méjì láti ẹnu, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì ká sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ara wọn láti bo irúgbìn. Ẹ wá bomi rin ín kẹ́ ẹ dúró, ìlà náà á tú ká, á tún máa da irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀. Bó ṣe ń la ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ kọjá lórí igi tóòrùn ń bà nìyẹn.

ỌmọÈkìtìNìkan

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ife pupa yẹn ò ṣeé jẹ ni? Áàpù orí fóònù mi ní ó ṣeé jẹ.

ÌyáÒǹdó

Fóònù ò bá wa jẹun rí o, ọmọ mi. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ò bá fi hàn án lóko, kó lọ ra olú lọ́jà.

Nọ́ọ̀sìAkúrẹ́

Ẹ gbọ́ ti Màmá, mo bẹ̀ yín. Nínú olú wẹ́wẹ́ orí igi, àwọn kan wà lágbàáyé tó ní májèlé tó ń pa ẹ̀dọ̀. Sísè ò lè mú un kúrò, kì í sì í korò lẹ́nu. Ó lè tó wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run èèyàn. Èyí tó tún burú ni pé ara á wá fúyẹ́ fún bí ọjọ́ kan, wọ́n á rò pé ó ti tán, ẹ̀dọ̀ á sì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ olú tí kò dá lójú, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má dúró de àárọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kẹ́ ẹ sì mú èyí tó kù nínú olú náà dání.

Àgbẹ̀Ìdànrè

A ti gbọ́, a ò ní jẹ ẹ́. Mo ti pinnu, ìtì arère á wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá, mo gbójú sókè bẹ́ ẹ ṣe wí. Níbi tí kòkó ti ṣú jù, ní apá odò, tó jìnnà sí ìtì náà, mo rí ewé gbígbẹ tó rọ̀ dirodiro lórí fọ́nrán dúdú. Mo ti gé ẹ̀ka yẹn, mo sun ún létí oko.

BàbáIléOlújí

O ṣeun, ọmọ mi. Kò tíì tán o. Padà síbẹ̀, kó o gé e lọ sísàlẹ̀ dáadáa, títí o ó fi dé ibi tí ara ẹ̀ka mọ́ tí kò sí fọ́nrán. Ewé tó bọ́ sílẹ̀ nígbà tó ò ń gé e, ṣa á pẹ̀lú, torí fọ́nrán wà lára wọn. Lẹ́yìn náà, rẹ́ ẹ̀ka ibi tó ṣú yẹn kí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ wọlé, òkùnkùn àti ọ̀rinrin ló pè é wá. Fọ àdá rẹ kó o tó fi kan igi mìíràn. Kó o tún yí ibẹ̀ wò kí òjò oṣù September tó le, nítorí ìgbà yẹn ló máa ń padà wá.